Wákàtí Kẹfà Ni Kí Ẹ Fi Yan Alùpùpù Àjò

Ọ̀rọ̀ orí rédíò, láti inú ètò ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́

(Orin ìbẹ̀rẹ̀ dún, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ wọlé.)

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ló kàn wá lónìí. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ alùpùpù, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn á lọ sọ́dọ̀ ọ̀kadà tó ń já wa sẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí mo fẹ́ sọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Páwà báìkì ni, irú èyí tí ẹni tó gbéra ní Èkó ní ìdájí lè gùn dé Accra kí ilẹ̀ tó ṣú, bí àwọn tó wà ní ibodè bá gbà fún un. Òun náà ni ọmọ wa tó wà ní London lè gùn lọ sí àwọn òkè Scotland, kó sì gùn ún padà. Sport-touring ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é. A ó máa pè é ní alùpùpù àjò.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró nílé epo, ìbéèrè kan ni àwọn ọmọkùnrin àdúgbò kọ́kọ́ máa ń bi í: "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ló lè sá?" Ìbéèrè náà dùn ún bi, àmọ́ kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà. Èyí tó yẹ ká bi ni pé, bó bá di wákàtí kẹfà tí mo ti wà lórí rẹ̀, báwo ni ara mi á ṣe rí? Wákàtí àkọ́kọ́ dùn lórí gbogbo alùpùpù, títí kan èyí tí ìjókòó rẹ̀ le koko. Bó bá ti ń pẹ́ lọ́nà ni ọrùn ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro, tí ìdí á máa kú tipiri, tí etí á máa hó, tí ojú kò sì ní tètè rí kòtò mọ́. Ẹni tó ti rẹ̀ kì í sì í tètè tẹ búrẹ́kì. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ìtura sí afẹ́ lórí alùpùpù àjò. Ẹ̀mí ẹni ló ń dáàbò bò.

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ sáré á ra alùpùpù eré, ẹni tó bá fẹ́ rin àjò á ra èyí tó tóbi tó sì wúwo. Àwọn ará Jámánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀. Ní 1976, BMW gbé R100RS jáde. Wọ́n fi ike bo gbogbo iwájú rẹ̀, wọ́n sì lo ilé ìdánwò atẹ́gùn tó jẹ́ ti Pininfarina ní Ítálì láti mọ bí atẹ́gùn á ṣe máa yà fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn ike náà. Ní 1990, Honda ti Japan gbé ST1100 dé, tí wọ́n ń pè ní Pan-European ní Yúróòpù: sìlíńdà 4, tánkì lítà 28. Yamaha gbé FJR1300 jáde ní 2001. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn fúyẹ́ ju ST1100 àti FJR1300 lọ, bíi Tracer 9 GT ti Yamaha, NT1100 ti Honda àti Ninja 1000SX ti Kawasaki. Orúkọ pọ̀ lọ jàra. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ó máa wò lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó. Ibi mẹ́ta ni ara wa ti ń kan alùpùpù: ọwọ́, ìdí àti ẹsẹ̀. Lórí alùpùpù eré bíi Yamaha R1, ibi tí a ń fọwọ́ mú wà nísàlẹ̀, ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé sì wà lókè lẹ́yìn. Ẹni tó gùn ún á dojú bolẹ̀ lórí tánkì, ìwúwo àyà àti orí rẹ̀ á sì dà sí ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Ìyẹn dára fún pápá ìdíje. Ní òpópónà márosẹ̀, ìyà ni. Lórí alùpùpù àjò, wọ́n gbé ibi ìdímú sókè, wọ́n sún un mọ́ àyà, wọ́n sì gbé ibi ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí orúnkún lè nà díẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan di alùpùpù náà mú nílẹ̀. Ẹ gun orí rẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi tí wọ́n ṣe fún un, ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń gùn ún lọ. Wàyí o, ẹ ṣí ọwọ́ kúrò. Bí ara yín bá dúró ní ipò tó wà, ó bá yín mu. Bí àyà yín bá ń ṣubú lọ sórí tánkì, ọwọ́ yín ló máa gbé ẹrù yẹn fún gbogbo ìrìn àjò. Ẹ tún wo ilẹ̀. Ìjókòó NT1100 ga tó mílímítà 820, ti R1 jẹ́ 855. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀ á rí ìyàtọ̀ náà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dúró lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìjókòó, atẹ́gùn ló kàn. Atẹ́gùn kì í lé sí i bí eré ṣe ń lé sí i. Bí ẹ bá kúrò lórí 100 kìlómítà ní wákàtí kan tí ẹ bọ́ sí 130, eré yín fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lé sí i, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn ṣe ń ti àyà yín á fi nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá lé sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gun alùpùpù tí iwájú rẹ̀ ṣófo fi máa ń sọ̀ kalẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ á ti le. Ike iwájú àti gíláàsì ni wọ́n fi ń gba ìyà yẹn jẹ fún wa. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo gíláàsì tó ga ló dára. Bí atẹ́gùn tó fò kọjá gíláàsì bá bọ́ sí etí akoto yín gan-an, orí á máa gbọ̀n, ariwo á sì pọ̀ sí i. Ẹ wá èyí tí ẹ lè gbé sókè kí ẹ sì gbé sílẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti dákẹ́ fún gíga yín. Kódà nígbà náà, ariwo atẹ́gùn nínú akoto lórí eré márosẹ̀ pọ̀ débi tó lè ba etí jẹ́. Fóòmù kékeré tí wọ́n ń fi dí etí kò wọ́n, kò sì ní kí ẹ má gbọ́ fèrè ọkọ̀.

(Orin kúkúrú.)

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò epo. Tánkì R1 ń gba lítà 17, ti NT1100 ń gba lítà 20.4, ti FJR1300 ń gba 25. Ká ní NT1100 ń rin kìlómítà 20 lórí lítà kan. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po, ó di 408 kìlómítà. Ẹ má fọkàn sí gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ nítorí ẹrù, atẹ́gùn àti súnkẹrẹ fàkẹrẹ, ó ku nǹkan bí 326. Ká ní R1 ń rin 14 lórí lítà kan, èyí tó máa kù lẹ́yìn irú ìyọkúrò kan náà jẹ́ nǹkan bí 190. Láti Èkó dé Accra fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 460 kìlómítà. Alùpùpù àkọ́kọ́ á dúró ra epo lẹ́ẹ̀kan, èkejì á dúró lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnì kan lè ní, kí ló wá burú nínú ká dúró lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Cotonou á dáhùn. Bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá Sèmè, ẹ ó máa rí epo nínú ìgò kéékèèké àti nínú ìgò ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Kpayo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀kadà á mu ún lọ láìwẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì alùpùpù ńlá tí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ darí kò ní fara mọ́ omi tàbí ìdọ̀tí tó bá wà nínú rẹ̀. Tánkì ńlá ló ń jẹ́ kí ẹ lè yan ibi tí ẹ ó ti ra epo, dípò kí epo máa yan ibi tí ẹ ó dúró sí fún yín.

Ní ti agbára, R1 ní agbára ẹṣin 200, NT1100 ní 102. Ṣé ìdajì ni NT1100 wá jẹ́? Lórí ìwé ni. Lójú ọ̀nà, ohun tí a nílò ni pé kí ẹ́ńjìnì fà dáadáa nígbà tí kò tíì máa ké, kí a lè ya tírélà sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ẹrù lẹ́yìn wa láìjẹ́ pé a já gíà méjì sílẹ̀. R1 ń fi agbára rẹ̀ pa mọ́ sókè, ó di ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ké tantan. Alùpùpù àjò ń gbé tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti lè tó o.

Agbára ń bí ooru, ooru yìí sì wà láàárín itan wa méjèèjì. Ní Yúróòpù, inú òtútù àti òjò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó gùn ún á sì dúpẹ́ pé ara ẹ́ńjìnì gbóná. Tó bá wá di ọ̀sán gangan, tí ẹ há sáàárín ọkọ̀ lọ́nà Badagry, ọpẹ́ yẹn á parẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì náà máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí fáànù rédíétọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún, kí ẹ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná náà ń gbà jáde. Bó bá jẹ́ ara ẹsẹ̀ yín ló ń fẹ́ sí, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó bá pàdé nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ.

Ìwúwo ńkọ́? Tracer 9 GT wọn nǹkan bí 220 kìlógíráàmù, NT1100 tí kì í yí gíà fúnra rẹ̀ wọn 238, FJR1300 sún mọ́ 290, K1600GT ti BMW tó ní sìlíńdà 6 ju 310 lọ. Lórí eré, ìwúwo ń jẹ́ kí alùpùpù dúró ṣinṣin nígbà tí tírélà bá fi atẹ́gùn gbá wa. Lójú kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ rò ó pé ẹ gbé e dúró lórí iyanrìn, ọ̀pá ìdúró rẹ̀ sì rì. Ta ni yóò bá yín gbé e dìde? Ẹ kọ́kọ́ dán an wò bóyá ẹ lè fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn kúrò lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò lè ṣe é níbi tí wọ́n ti ń tà á kò ní lè ṣe é nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹrù náà ní òdiwọ̀n. Nínú ìwé ìlò alùpùpù, ẹ ó rí iye tó pọ̀ jù lọ tí alùpùpù àti ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀n. Ká ní iye yẹn jẹ́ 430 kìlógíráàmù, tí alùpùpù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú epo jẹ́ 235, ó ku 195. Bí ọkọ bá wọn 90, tí ìyàwó wọn 75, ó ku 30 fún àpótí mẹ́ta àti gbogbo ohun inú wọn. Àpótí òfìfo nìkan lè jẹ ìdajì rẹ̀. Ẹ wá rí i pé ẹ̀bùn tí a fẹ́ rà bọ̀ láti Lomé ní láti kéré.

(Orin kúkúrú.)

Mo dé ibi tó ṣe kókó jù fún àwa tí a ń gbé nílé. Ẹ ka nọ́ńbà ara táyà. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù àjò, ti iwájú á jẹ́ 120/70 ZR17. Nọ́ńbà 120 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. Nọ́ńbà 70 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, ìyẹn mílímítà 84. Nọ́ńbà 17 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì. Mílímítà 84 péré ló wà láàárín rímù yín àti etí kòtò. Lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, kò séwu. Nínú kòtò tó mú lẹ́nu, rímù lè tẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa jò jáde.

Nítorí náà, ẹ fi òótọ́ bi ara yín léèrè ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbà. Bó bá jẹ́ títì tó dán bíi ti Èkó sí Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, alùpùpù àjò wà nílé. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tí títì ti ń pin, tí erùpẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ga lẹ́sẹ̀, bíi R1250GS ti BMW tí rímù iwájú rẹ̀ jẹ́ 19, tàbí Africa Twin ti Honda tí tirẹ̀ jẹ́ 21. Rímù ńlá ń gun orí kòtò dípò kó já sínú rẹ̀. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London dé Èkó láti fi kówó jọ fún gbígbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀ ní 19 oṣù kẹrin, ó gúnlẹ̀ sílé ní 29 oṣù karùn-ún. Ó gba títì dídán, ó sì gba aṣálẹ̀ Sàhárà. Ẹni tó bá ń gbèrò irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ibi tó burú jù lójú ọ̀nà yan alùpùpù rẹ̀.

Ohun tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn náà ṣe pàtàkì. Ṣéènì fúyẹ́, mẹkáníìkì tó wà nítòsí sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ń fẹ́ kí a fi ọ́ìlì sí i ní gbogbo nǹkan bí 500 sí 800 kìlómítà, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí erùkù bá bo gbogbo nǹkan. Ṣáàfù, irú èyí tó wà lára ST1100 àti FJR1300, wúwo ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó pamọ́ sínú irin. Ọ́ìlì gíà tí à ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ohun tó ń bèèrè. Ẹni tí kì í fẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ àjò, ṣáàfù ni kó wá.

Búrẹ́kì wá kẹ́yìn, kì í ṣe pé ó kéré jù. Ẹ rí i pé ABS wà, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró pa bí a bá fi ìbẹ̀rù tẹ búrẹ́kì lórí títì tó tutù. Ní Yúróòpù, láti 2017 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan lára gbogbo alùpùpù tuntun tó ju 125 cc lọ. Bí tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá ti Yúróòpù wá, tí wọ́n sì tà á ní tuntun lẹ́yìn ọdún yẹn, ó yẹ kó ní. Amẹ́ríkà kò ṣe é ní dandan, nítorí náà ẹ fojú ara yín wò ó. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná ABS á tàn lójú pátákó. Bí ẹ bá gùn ún díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí àìsàn náà má bàa hàn.

Bí a ti dé orí tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ ká wọ ọgbà ẹni tó ń tà á. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó má ṣe tan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó dé. Bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ fọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnì náà. Bó bá gbóná, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jí i kí ẹ má bàa mọ̀ pé ó ń ṣòro láti tan nígbà tó tutù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi táyà. Ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin ló parí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ojú rẹ̀ lè ṣì nípọn kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan. Ẹ wo ọ̀pá ṣọ́kì iwájú bóyá ọ́ìlì ń jò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọrùn férémù, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, ẹ kí wọn, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìwé ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Láti 2012 ni òfin ìrìnnà ní Èkó ti lé alùpùpù tí kò tó 200 cc kúrò ní òpópónà ńlá. Alùpùpù àjò ju ìyẹn lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìwé ló máa bá yín sọ ọ́. Fún ọ̀nà Cotonou, Lomé àti Accra, ẹ gba Brown Card ti ECOWAS, ìyẹn ìwé adójútòfò tí àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Britain, ìwé àṣẹ tiyín ló máa kọ́kọ́ yan alùpùpù fún yín. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ A2 kò gbọ́dọ̀ gun èyí tó ju kílówáàtì 35 lọ. Ó lè gun èyí tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, bí agbára àtilẹ̀wá rẹ̀ kò bá ju 70 lọ. Tracer 7 ti Yamaha jẹ́ 54, ó ṣeé dín kù. NT1100 jẹ́ 75, kò ṣeé ṣe.

Èwo ni ká wá mú nínú gbogbo rẹ̀? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ń dá gùn ún lọ sí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta lópin ọ̀sẹ̀, èyí tó fúyẹ́ bíi Tracer tó fún un. Ẹni tó ń gbé ìyàwó lẹ́yìn lọ sí Accra, NT1100 tàbí FJR1300 tí wọ́n tọ́jú dáadáa á bá a mu. K1600GT dára lójú títì Jámánì. Ní tiwa, ẹ kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ẹ tó wá owó rẹ̀. Èmi á mú alùpùpù tí páàdì búrẹ́kì rẹ̀ wà lọ́jà Èkó ṣáájú èyí tí ará Jámánì nìkan lè tún ṣe.

Bí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ má ṣe fi ìṣẹ́jú márùn-ún yíká àdúgbò pinnu. Ẹ fi owó ìdúró sílẹ̀, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kí ẹ gùn ún fún wákàtí kan gbáko, kí òun náà gun ọ̀kan tẹ̀ lé yín bí ẹ̀rù bá ń bà á. Bó bá kọ̀, ẹ jókòó lórí rẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí pẹ̀lú akoto lórí. Ẹ jẹ́ kó rò pé nǹkan ń ṣe yín. Ibi tó bá ń dùn yín lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, òun náà ló máa mú yín sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ní wákàtí kẹfà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń di ẹrù sórí alùpùpù kí ó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wọ akoto yín, ẹ so ó mọ́ àgbọ̀n.

(Orin ìparí.)